Orúkọ Ara Ilé àti Èdè Àwọn Ọ̀mọ̀lé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́)

Nígbà tí Akọ̀wé bi wá léèrè ohun tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí, a dá a lóhùn pé ilé ni. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí a fi amọ̀ mọ, tí a fi bíríkì kọ́, tí a fi páànù bò, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń kọ́ ọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí a gbé ń kọ́ ilé lónìí ní ìlú èyíkéyìí ní ilẹ̀ wa. Onílé dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnjiníà mú ìwé àwòrán lọ́wọ́. Kọngílá ń pariwo. Bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tí ń di irin àti àwọn lébìrà tí ń ru kọnkéré ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ẹnjiníà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ìwé ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 2006, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń po sìmẹ́ńtì, Yorùbá ni ó ń sọ. Bí kò bá sì jẹ́ Yorùbá, Ẹ̀gùn ni, tàbí Haúsá, tàbí èdè àwọn ará Kútọnu àti Tógò tí wọ́n ń wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí àwọn pẹ̀lú sì ń kọ́ Yorùbá kí wọ́n tó lè bá ẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́. Láàrín ìwé yẹn àti ọwọ́ yẹn, odò kan wà. Ọ̀rọ̀ ni afárá tí a fi ń kọjá rẹ̀, àwa sì wí pé pákó afárá náà ti ń jẹrà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tàn wá jẹ pé àwọn baba wa kò ní orúkọ fún ohun wọ̀nyí. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ilé ni à ń kọ́. Ògiri ni à ń mọ, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò. Ilẹ̀ ni à ń lù. Ara ògiri ni à ń rẹ́. Orí ilé ni à ń bò. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ̀nyí fún iṣẹ́ márùn-ún, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ̀kan mọ irú ohun èlò tí yóò mú wá àti irú ènìyàn tí yóò pè. Ẹ wá tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ wa lónìí. Wọ́n ń ṣe ògiri, wọ́n ń ṣe ilẹ̀, wọ́n ń ṣe òkè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nígbà tí a bá fẹ́ mọ ògiri ní ayé àtijọ́, a ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa, a ó bu omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, a ó sì tún fi í sílẹ̀ kí a tó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣù ú ní ìṣù. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ń jù ú, ẹni tí ó wà lórí ògiri ń gbà á. Ìpele kan ni à ń mọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì lọ ní gíga. A ó fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ìwúwo ìpele òkè yóò tẹ ti ìsàlẹ̀ wú, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì di òkìtì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́lé. Ògiri tí a mọ yí ọgbà tàbí ìlú ká, tí kò ru òrùlé, ìgànná ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó ti ru òrùlé rí, tí òrùlé sì ti wó kúrò lórí rẹ̀, ògiri alápá ni. Ògiri sì ni gbogbo wọn lójú ẹni tí ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀lé mọ̀ pé èyí tí ń ru ẹrù kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí kò rù ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ètò inú ilé pẹ̀lú ní orúkọ. Ìloro ni a ó kọ́kọ́ wọ̀, kí a tó dé àkòdì, níbi tí yàrá yí àgbàlá ká, tí òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì da omi òjò sí àárín, sínú ìkòkò àti ojú àgbàrá. Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ omi yìí ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tí à ń jókòó gba àlejò. Iyẹ̀wù ni inú lọ́hùn-ún. Àjà wà lókè, a sì ń kó ẹrù sí i. Ní ààfin ni a ti ń rí kọ̀bì, èyí tí ó yọ síwájú tí òrùlé rẹ̀ sì ga; àmì ọba ni, ilé ọmọ ìlú lásán kì í ní i. Ẹ̀yin Ìjòyè tí ẹ ń wọ ààfin lójoojúmọ́, ẹ̀yin ni ẹ lè sọ fún wa iye ọmọ ààfin tí ó ṣì mọ orúkọ náà.

Orí ilé ńkọ́? Òpó dúró, igi àjà dùbúlẹ̀, ọparun tẹ̀ lé e, ìtàkùn ni a fi dì wọ́n. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbodògì ni a fi ń bò ó; ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ. Ní Ọ̀yọ́, koríko yìí ti di ohun ọlá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣe ọdún: àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru ú wá fún bíbo ààfin. Ewé àti koríko kò lè dojú kọ iná, ilé púpọ̀ sì ti jóná nítorí rẹ̀. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, bẹ́ẹ̀ ni a ń wí. Ṣùgbọ́n tálákà tí ilé rẹ̀ jó kò rí ẹwà kan, nítorí náà kò ṣòro fún páànù láti wọlé nígbà tí ó dé.

Iṣẹ́ ilẹ̀ títẹ́ nìkan tó láti fi pa ẹni tí ń pẹ̀gàn wa lẹ́nu mọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àgbàlá àti ọ̀nà tí a fi àpáàdì tẹ́. A kò da àpáàdì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. A to ó ní ìdúró, etí rẹ̀ sókè, ọ̀wọ́ kan dojú kọ èkejì, ní ibòmíràn pẹ̀lú òkúta funfun wẹ́wẹ́ láàrín. Iṣẹ́ náà ti pé ọ̀rúndún púpọ̀, òmíràn nínú rẹ̀ sì wà láìyẹ̀ títí di òní. Ìtàn Ifẹ̀ fi í sí ọwọ́ Lúwo, obìnrin tí ó jọba níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni àwọn tí ó tò ó fi ń pe ọ̀wọ́ kan àti èkejì? Iṣẹ́ wà, ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ní ti ìlẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni àwa fúnra wa ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹnu-ọ̀nà ni àlàfo. Ìlẹ̀kùn ni ohun tí a fi dí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ yìí mọ́, wọ́n a ní kí a wọ inú ìlẹ̀kùn bí ẹni pé kòkòrò tí ń jẹ pákó ni wá. Àtẹ́rígbà ni ó dùbúlẹ̀ lórí ẹnu-ọ̀nà, òun ni ó sì ń ru ògiri tí ó wà lókè rẹ̀. Ìlẹ̀kùn àtijọ́ kò lo irin láti yí. Lára pákó kan náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ ṣóńṣó sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ń yí nínú ihò. Irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. A gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brítíìṣì ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Àwọn òyìnbó ti kọ̀wé púpọ̀ nípa àwòrán tí ó wà lára rẹ̀. Àwa ìbá fẹ́ kí ẹnìkan bi àwọn ọmọ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Èkìtì léèrè orúkọ ṣóńṣó yẹn kí wọ́n tó tán.

Lẹ́yìn ilé amọ̀ ni ilé bíríkì àti ilé pákó dé. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. parí ní Àgbádárìgì ní ọdún 1845 ni a sábà ń kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tan iṣẹ́ náà kálẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí ó padà bọ̀ láti oko ẹrú: àwọn Sàró láti Sierra Leone, àti àwọn Àgùdà láti Bàhíà ní Bràsíìlì àti láti Kúbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà ni ó ti mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 1894, João Baptista da Costa, ọ̀gá ọ̀mọ̀lé Àgùdà, ni ó ṣe é, Sánúsí Àká tí í ṣe Yorùbá sì bá a ṣiṣẹ́. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ojú mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà dà bí ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, nítorí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ilé kan wà ní ìta Tinúbú ní Èkó, tí a ń pè ní Ilójò, tí ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1855. Ìjọba kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Àwọn ọ̀nà tí a fi sìmẹ́ńtì yọ sí orí fèrèsé rẹ̀ àti sí ara òpó rẹ̀ bá a lọ, kò sì sí ẹni tí a gbọ́ pé ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ni bíríkì, káfíńtà, pẹ́tẹ́ẹ̀sì, sìmẹ́ńtì àti páànù ṣe wọ inú èdè wa. Àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ yìí fẹ́ kí a lé wọn jáde. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí ó ti bí ọmọ nínú ilé kì í ṣe àlejò mọ́, bíríkì sì ti bí bíríkìlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a máa pe sìmẹ́ńtì ní ìyẹ̀fun òkúta agbẹ̀mọ́mi, kí ó lọ fi ránṣẹ́ sí ọjà ná, kí ó wo ohun tí wọn yóò tà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe nígbà tí ó kàn wọ́n láti wá ọ̀rọ̀. Ajàyí Crowther, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní ìgbà èwe rẹ̀ ní Sierra Leone. Ó ti di ayùn àti òòlù mú kí ó tó di kálámù mú. Nígbà tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tí odidi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, wọ́n ní láti sọ ní Yorùbá bí a ti kan àgọ́ àti bí a ti kọ́ tẹ́ḿpìlì, pákó pẹ̀lú pákó, òpó pẹ̀lú òpó. Wọn kò sá. Àtẹ́rígbà wà nínú ìwé Ẹ́kísódù. Ahọ́n tí káfíńtà gbẹ́ sí orí pákó kan kí ó lè wọ inú èkejì, ìtẹ̀bọ̀ ni wọ́n pè é; ibi tí ó wọ̀, ihò ìtẹ̀bọ̀. Òpó, ọwọ̀n, ìdábùú, igun ilé, okùn ìwọ̀n, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe láàrín wa lè ka ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé iṣẹ́ ọwọ́, kò sì ní pàdánù ohunkóhun.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ya àwòrán ilé kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ní Yorùbá. Ìlẹ̀kùn, fèrèsé, ògiri, òrùlé, yàrá: ibẹ̀ ni ó parí sí fún ọ̀pọ̀ jùlọ. Lẹ́yìn náà ni fàǹdéṣọ̀n, líńtù, pílà àti dẹ́kìn bẹ̀rẹ̀. A bi wọ́n léèrè ohun tí líńtù ń ṣe. Wọ́n wí pé òun ni ó wà lókè fèrèsé. Ibi tí ó wà ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ju ọ̀rọ̀ àjèjì náà fúnra rẹ̀ lọ. Àtẹ́rígbà sọ fún ọmọ Yorùbá tí ó bá ronú pé ohun kan tẹ́ síbẹ̀ láti gba ẹrù òkè. Líńtù kò sọ nǹkan kan fún un.

Àǹfààní wo ni ó wà nínú mímọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Kọnkéré lágbára púpọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, kíá ni yóò já. Àtẹ́rígbà tí ògiri wà lórí rẹ̀ a máa fẹ́ tẹ̀ ní àárín: òkè rẹ̀ ń sún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fà ya. Nítorí náà ni a ṣe ń fi irin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí irin gba fífà náà. Bí a bá yọ́ àtẹ́rígbà sílẹ̀ ní orí ilẹ̀, tí lébìrà sì gbé e sókè, tí ó dojú rẹ̀ dé, tí irin wá bọ́ sí òkè, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ tí ẹrù bá kún un ni yóò là. Ọmọ iṣẹ́ tí a ti fi èdè rẹ̀ kọ́ ní ìdí irin náà kò ní dojú rẹ̀ dé. Èyí tí a sọ fún pé kí ó ṣáà gbé líńtù wá, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe?

A mọ ilé kan ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Onílé fẹ́ kí pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó sì pe àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n yọ ògiri àárín. Ògiri méjì ni ó wà ní àárín. Ọ̀kan kàn pín yàrá ni. Èkejì ru àjà. Onílé mọ èyí tí ó ní lọ́kàn, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi yà á sọ́tọ̀. Àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó sún mọ́ wọn. Nígbà tí àjà bẹ̀rẹ̀ sí dún, wọ́n sá jáde, Ọlọ́run sì ṣàánú, kò sí ẹni tí ó kú. Ẹ rántí ìgànná àti ògiri tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: bàbá bàbá onílé náà ìbá ti mọ bí yóò ti sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé gíga tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. A kò wí pé àìsí ọ̀rọ̀ ni ó wó wọn. Ojúkòkòrò, ohun èlò tí kò dára àti àìbìkítà fún òfin ni ó ń wó ilé ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ sì ni ìyẹn. Ohun tí a wí ni pé ẹni tí ó wà nínú ilé, àti lébìrà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yẹ kí ó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi lè bèèrè pé: Kí ni ó dé tí ẹ fi yọ èyí? Òpó tí a kò gbé ró dáradára ni ó ń sọ aya ènìyàn di opó.

Níhìn-ín ni a fẹ́ dábàá ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí Ẹgbẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀rọ̀ tí ó ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn, kí a fi í sílẹ̀: kọnkéré, búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì. Èyí tí a ní láti ìgbà àtijọ́, tí ó sì péye, kí a dá a padà sẹ́nu iṣẹ́: ìpìlẹ̀, àtẹ́rígbà, ìtẹ̀bọ̀, ìloro. Ibi tí ewu wà ni kí a ti wá ọ̀rọ̀ tuntun, kí a má sì ṣe wá a ju bí ó ti yẹ lọ. Ògiri tí ń ru ilé, kí a máa pè é ní ògiri arẹrù, kí èyí tí ó kàn pín yàrá máa jẹ́ ògiri ìpínyàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó arẹrù àti òpó ẹ̀ṣọ́, nítorí àwọn olówó wa fẹ́ràn òpó ńlá níwájú ilé, òmíràn kò sì ru ju afẹ́fẹ́ lọ.

Igi tí a fi ń ti àjà kọnkéré lábẹ́ kí ó tó le, a dábàá pé kí ó jẹ́ igi agbéró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i dáradára. Bí ẹ bá gbàgbé àmì, agbèrò ibùdókọ̀ ni yóò wá bá yín lẹ́nu iṣẹ́, òun kò sì ní gbé nǹkan kan ró.

Èyí tí ó jẹ wá lógún jù ni ti omi. Nígbà tí a bá da kọnkéré tán, kì í ṣe gbígbẹ ni ó fi ń le, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Sìmẹ́ńtì àti omi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bí omi bá sì tán kí iṣẹ́ wọn tó tán, kọnkéré náà yóò jẹ́ aláìlágbára títí ayé. Nítorí náà ni a ṣe ń mú kí ó tutù, ó kéré tán fún ọjọ́ méje, tí àwọn ẹnjiníà sì ń wọn agbára rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ìbomirin ni kí a máa pè é. A mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn ni à ń bomi rin, ìdí rẹ̀ gan-an sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi bá a mu, nítorí àgbẹ̀ kì í da irúgbìn sílẹ̀ kí ó lọ sùn. Àwọn baba wa tí ń dúró de ìpele amọ̀ mọ sùúrù yìí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé amọ̀ fẹ́ oòrùn, kọnkéré fẹ́ omi. Bíríkìlà tí ó mú àṣà amọ̀ wá sórí kọnkéré, tí ó ń dúpẹ́ pé oòrùn mú, ń ba ilé jẹ́ pẹ̀lú ọkàn rere.

Omi tí a fi ń pò ó wá yàtọ̀ sí omi ìbomirin. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, gbogbo oníṣẹ́ ni ó mọ èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n a da omi lé e kí ó lè ṣàn, omi àpọ̀jù yẹn a sì gba agbára rẹ̀. Pípò tí ó ṣàn bí èkuru tí omi wọ̀, kí a má ṣe gbà á.

Ẹnìkan lè wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ẹnjiníà, kí àwọn lébìrà pẹ̀lú lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A dá a lóhùn pé kí wọ́n kọ́ ọ, yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Ṣùgbọ́n ilé kò ní dúró dè wọ́n. Yorùbá kò sì ṣàì tó iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1970 ni Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 1984, àwọn olùkọ́ èdè wa tẹ ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Bí àwọn olùkọ́ bá lè pàdé láti wá orúkọ fún ẹ̀yà gbólóhùn, kí ni ó ń dá wa dúró láti pàdé lórí ẹ̀yà ilé? Gbólóhùn tí ó wó kì í pa ènìyàn.

Ìjà ẹ̀ka-èdè yóò dé. A ti gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí a dúró sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú yóò ní ti òun ni ó tọ̀nà, ọmọ Èkìtì yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ná, orúkọ ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yíyàn lè dúró.

Iṣẹ́ tí a ń bẹ̀ yín sí nìyí. Kí ọmọ Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá àgbà ọ̀mọ̀lé, gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí káfíńtà kan ní ìlú rẹ̀. Kí ó má ṣe gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì kí ó máa bi í léèrè ọ̀rọ̀, nítorí àgbà náà yóò gbàgbé, ojú yóò sì tì í. Kí ó bá a rìn yí ilé àtijọ́ kan ká, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí ó máa nawọ́ sí ohun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá sọ, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Obìnrin ni ó ń lu ilẹ̀ tí ó sì ń fi ìgbẹ́ màlúù pa á. Nítorí náà kí a má ṣe bi ọkùnrin nìkan léèrè. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ bá wa tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn Ọba kí a lè wọ apá ààfin tí a fẹ́ tún kọ́, kí a tó gbé ṣọ́bìrì lé e. Akọ̀wé ti ní ìwé kan tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀, ògiri, ẹnu-ọ̀nà àti fèrèsé, òrùlé. Àwa ti gba ẹnu-ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba òrùlé, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó jáde, nítorí àwọn tí ó mọ bí a ti ń fi bẹẹrẹ bo ilé ti dàgbà jù, a kò sì fẹ́ kí òjò ọdún tí ń bọ̀ bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀.